Ìbàdí tuntun fún ẹni tó ní SS: ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, àti ìgbà tí a lè kúnlẹ̀

Ìbéèrè, láti Birmingham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ ọdún 29 ni mí, SS sì ni ẹ̀jẹ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà fi àwòrán X-ray hàn mí, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan mi ọ̀tún mọ́, ó ti kú, ó sì ti ń wó, nítorí náà wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Màmá mi ní Ìbàdàn kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní irin kì í gbé inú ara ènìyàn kó má dógùn-ún. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni ìdána mi tó ti sún mọ́lé, torí ìyàwó kò lè dúró gbọnrangandan níwájú àwọn àna rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n fi ń ṣe é, ọdún mélòó ni ó ń lò, ṣé màá sì lè kúnlẹ̀?

Èsì, láti Manchester

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. SS ni èmi náà, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìbàdí mi méjèèjì, àkọ́kọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 34.

Bá mi sọ fún Màmá pé kì í ṣe irin alágbẹ̀dẹ. Bí wọn kò bá lo sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, ọ̀pá tí wọ́n ń kì bọ inú egungun itan sábà máa ń jẹ́ titanium, irin tí kì í dógùn-ún, tí egungun sì lè hù mọ́ lára. Ibi tí ó yẹ kí o tẹjú mọ́ jù ni ibi tí bọ́ọ̀lù orí ọ̀pá náà ti ń yí nínú ife tí wọ́n fi sínú egungun ìbàdí, torí bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn, ibẹ̀ ni jíjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí John Charnley, dókítà oníṣẹ́ abẹ egungun, ń dán iṣẹ́ yìí wò ní ilé ìwòsàn Wrightington ní Lancashire, Teflon, ike kan tó ń yọ̀, ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ife, ó sì jẹ láàárín ọdún díẹ̀ débi pé ó ní láti tún ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣe. Lọ́dún 1962 ni ó bọ́ sórí polyethylene, ike líle tí wọ́n ṣì ń lo irú rẹ̀ títí di òní, àmọ́ tí wọ́n ti mú le sí i. Àwọn mìíràn fi irin ṣe bọ́ọ̀lù àti ife, cobalt àti chromium tó wà nínú irin náà sì ń jò wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan. Láti ọdún 2010 ni àjọ MHRA, tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kìlọ̀ pé kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò àwọn tó ní irú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ceramic nínú ife tí wọ́n fi ike tẹ́ nínú ni tèmi. Bí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń yún ọ létí, sọ fún wọn ṣáájú, torí nickel, irin tó máa ń fa irú yíyún bẹ́ẹ̀, lè wà díẹ̀ nínú irin cobalt.

Ìwádìí kan tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 2019 fi hàn pé bíi 58 nínú 100 ìbàdí àtọwọ́dá ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà fi í sọ́kàn pé wọ́n lè tún tìrẹ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ìwé pélébé kan wà lára páálí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣí lẹ̀ mọ́ fáìlì aláìsàn. Gba ẹ̀dà rẹ̀. Èmi kò gbà á nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ìrora mú mi ní Èkó, dókítà wo X-ray mi, ó béèrè irú èyí tó jẹ́, ẹnu mi sì wọhò.

Má ṣe jẹ́ kí wọ́n là ọ́ láìjẹ́ pé dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ̀ sí i. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára ṣáájú, omi kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ lára rẹ, òtútù kò sì gbọ́dọ̀ mú ọ. Ìsàlẹ̀ ara mi nìkan ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú kú tipiri. Mo ń gbọ́ ìró òòlù ketekete, nọ́ọ̀sì sì ń fi kúbùsù gbígbóná bo èjìká mi. Bí o bá ń mu àgbo, dárúkọ rẹ̀ fún wọn láìtijú.

Láti Birmingham

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Oṣù méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìdána náà, ní Ìbàdàn.

Láti Manchester

Ó yá jù. Fún bíi ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ọ̀pọ̀ dókítà kò ní gbà kí o tẹ ìbàdí rẹ ju bí ẹni jókòó sórí àga lọ, kí o gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tàbí kí o jókòó sórí àpótí. Wọn a tún máa ní kí a yẹra fún ọkọ̀ òfuurufú ọlọ́nà jíjìn fún bíi oṣù 3, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó lè dì ní ẹsẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ṣeé ṣe lẹ́yìn náà, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i: di àga mú, orúnkún ẹsẹ̀ tí wọ́n là ni kó kọ́kọ́ kan ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ tó dá pé ni kí o sì fi tì dìde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi. Jẹ́ kí wọ́n yí ọjọ́ ìdána padà. Bí o bá fẹ́, fún mi láàyè kí n bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.