Èéfín ń gba ara ògiri jáde: báwo ni a ṣe lè tún ihò èéfín ààrò ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A ń dá iná igi nínú ààrò ilé wa ní London, tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, ṣùgbọ́n èéfín ti ń gba ara ògiri yàrá òkè jáde. Ṣé kí a fi sìmẹ́ńtì dí i?

Ìdáhùn 1: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá iná níbẹ̀ mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ carbon monoxide inú èéfín náà kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Ó jọ pé ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ inú ihò náà ti já bọ́. Sìmẹ́ńtì ara ògiri kò lè dé ibẹ̀.

Ìdáhùn 2: Bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HETAS (àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ààrò sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) gbá ihò náà, ó fi èéfín dán an wò, ó sì ki páìpù irin tí kì í dípẹtà bọ inú rẹ̀ láti orí òrùlé. Irú irin tí wọ́n ń pè ní 904 ni kí ẹ béèrè. Ó ń dènà ìpẹtà ju irú 316 lọ.