Èwo ni Mẹ́kúrì nínú fọ́tò oòrùn tí mo yà ní 2019?

Onífọ́tòMọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Fọ́tò ayẹyẹ ni mo ń yà jẹun: ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, pásípọ́ọ̀tù. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ìsọ̀ mi wà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 11 oṣù Kọkànlá 2019, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ físíìsì n'Ífẹ̀ nígbà náà wá bá mi, ó ní pílánẹ́ẹ̀tì Mẹ́kúrì máa gba iwájú oòrùn kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó bá sì ti lọ, ó di 2032. Ó mú fíltà oòrùn dání, ó ń dán bíi bébà fàdákà inú páálí sìgá. A fi páálí àti sẹ́lótéèpù dè é mọ́ iwájú lẹ́ǹsì gbọnyin, a gbéra, ó di orí dẹ́kìn òkè. Nikon D5300, lẹ́ǹsì tí mo fà dé 300 mílímítà, f/16 (ìyẹn ni pé mo sé ihò lẹ́ǹsì kéré), lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láti bí aago méjì títí oòrùn fi wọ̀, mo yà tó igba fọ́tò. Gbogbo ìgbà ni mo ń sún kámẹ́rà, torí oòrùn kì í dúró de èèyàn.

Lálẹ́ la rí i lórí kọ̀ǹpútà: àmì dúdú kan nítòsí etí oòrùn, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. A pariwo! Nínú fọ́tò mìíràn ó sún síwájú, nínú òmíràn ó sún sẹ́yìn, mo ní ẹ ò rí i pé ó ń rìn. Mo mú èyí tó dára jù, tí mo yà ní 4:20, mo tẹ̀ ẹ́ jáde gbàǹgbà. Oòrùn nìkan fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Mo fi gíláàsì sí i, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyàwó kan tí gèlè rẹ̀ máa ń pe oníbàárà wọlé. Mo ti sọ fún àwọn kan rí pé kọmíṣọ́nnà kan fẹ́ rà á. Irọ́ ni o, ẹ dárí jì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kan wá ya pásípọ́ọ̀tù JAMB. Ó dúró ti fọ́tò yẹn títí, ó ní, "Bàbá, àmì yìí ti tóbi jù. Mẹ́kúrì kì í tó báyìí." Mo gbowó mi, mi ò dá a lóhùn. Àmọ́ àtìgbà yẹn, tí mo bá gbójú sókè wo ògiri, àmì náà ló ń wò mí. Ó tó hóró ẹ̀wà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé Mẹ́kúrì ni?

Tíṣà_Iléṣà:

Àbúrò, ọmọ yẹn ò purọ́ mọ́ ẹ.

Lóṣù Kọkànlá, téèyàn bá wo Mẹ́kúrì láti ayé níbí, oòrùn fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 194. Pín 30 sẹ̀ǹtímítà rẹ sọ́nà 194, mílímítà kan ààbọ̀ ni wàá bá lọ́wọ́. Orí pínnì nìyẹn, kì í ṣe hóró ẹ̀wà. Ohun kejì ni pé lọ́dún yẹn, àárín gbùngbùn oòrùn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kọjá. 1:35 ọ̀sán tiwa ló wọlé, 4:20 ló dé ìdajì ọ̀nà. Ohun tó yẹ kó wà láàárín ní 4:20, kí ló gbé e dé etí?

Ti Àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì tí òyìnbó ń pè ní Venus, lèmi rí ní tèmi, lọ́jọ́ Túsìdeè, 8 oṣù Kẹfà 2004. Kí oòrùn tó yọ níbí ló ti wọ iwájú rẹ̀. Mi ò gba ọmọ kankan láyè kó gbójú wò ó. Bínókúlà ni mo kọjú sí oòrùn, mo dí ojú rẹ̀ kan, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú kejì bọ́ sórí páálí funfun. Oòrùn fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mẹ́jọ tí a tò pọ̀, Àgùàlà sì dúró lórí rẹ̀ dúdú kirikiri, bí hóró iyere. Ìkùukùu òjò ń bò ó, ó ń ṣí i, àwọn ọmọ ń hó yèè. Ọmọbìnrin kan wá ní, "Sà, ṣé Àgùàlà tí wọ́n ṣebí ajá òṣùpá ni náà ló tún ń bá oòrùn rìn yìí?" Ẹ̀rín pa mí. Mo fún un ní bíírò tuntun.

Ti 2012 ti parí kí ilẹ̀ tó mọ́ bá wa. Òmíràn di 2117, ta ni yóò wà níbẹ̀?

Má jẹ́ kójú tì ẹ́ ṣá. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Le Gentil bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà torí ti 1761. Kó tó débẹ̀, ogun ti gba ìlú tó ń lọ, orí òkun ni ọjọ́ náà bá a, ọkọ̀ ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan wọ̀n. Ó dúró lọ́hùn-ún fún ọdún mẹ́jọ de ti 1769. Ọjọ́ pé, ìkùukùu bo oòrùn. Nígbà tó délé, wọ́n ti kà á mọ́ òkú. Ìwọ, eruku inú kámẹ́rà ló ṣe ẹ́ lásán.

Àdùnní_Houston:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi. Tíṣà, ẹ kú àlàyé.

Bí ti eruku ni kẹ́ ẹ bá mi wò. Eruku tó bá lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kì í kúrò níbi tó wà nínú fọ́tò. Oòrùn lẹ ń sún kiri, ẹ wá rò pé àmì ló ń rìn. Ẹ má wo ibi tó wà lójú oòrùn, ibi tó wà nínú férémù, ìyẹn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò, ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ẹjọ́ ti parí. f/16 tún máa ń jẹ́ kí eruku hàn dáadáa.

Mẹ́kúrì gidi, láti òkè lọ́wọ́ òsì ló ń bọ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, wákàtí kan ló fi ń rin nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún oòrùn. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 300 lórí kámẹ́rà yẹn, oòrùn yín ò ju nǹkan bí 720 píksẹ́lì lọ (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò), Mẹ́kúrì ò sì lè pé mẹ́rin. Ti Àgùàlà tí mo yà níbí ní 2012 ju ogún lọ, ìyẹn ò ṣòro rárá.

Ẹ má wo èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde. Fáìlì RAW ni kẹ́ ẹ ṣí, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ béèrè sà: ta ló bá yín ṣe édíìtì ẹ̀?

Onífọ́tòMọ́kọ́lá:

Ìbéèrè yẹn ni ó ṣe mí léṣe.

Mo ṣí mẹ́mórì káàdì náà lánàá. Àmì ẹlẹ́wà mi ò kúrò lójú kan, nísàlẹ̀ àárín férémù, lọ́wọ́ òsì. Mo ní jẹ́ n wo iṣẹ́ Sátidé tó ṣáájú, ìyẹn 9, ìgbéyàwó kan ní Bódìjà. Nínú fọ́tò tí gbogbo ẹbí dúró níta, ó wà níbẹ̀, lórí léèsì funfun ìyá ìyàwó. Mọ̀lẹ́bí kan náà!

Mo wá ṣí RAW ti 4:20. Láàárín oòrùn, ohun kékeré kan wà níbẹ̀, ó dúdú, ó mú. Mo ka píksẹ́lì rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́rin. Nínú ti 5:20 ó ti sún sísàlẹ̀ sápá ọ̀tún, bí ẹ ṣe wí. Mo padà sídìí èyí tó wà lára ògiri, ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí ojú ìyàwó.

Mo pe ọmọṣẹ́ mi ìgbà náà, ó ti ṣe fúríìdọ̀mù báyìí. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí tó tóbi lẹ ní kí n má fọwọ́ kàn. Mo rò pé irorẹ́ ni kékeré."

Tíṣà_Iléṣà:

Irorẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi jí. Tẹ RAW yẹn jáde, kó o sì nu sẹ́ńsọ̀ rẹ. 13 oṣù Kọkànlá 2032 ni òmíràn, gbogbo rẹ̀ la máa rí níbí: 7:41 àárọ̀ sí 12:07 ọ̀sán. Sátidé ni.

Onífọ́tòMọ́kọ́lá:

Sátidé kẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá ya ìgbéyàwó òun lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yáa fi ìsìn sí aago kan.