Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó ní àrùn ọpọlọ ní Àbújá: ọ̀nà wo ni kí n gbà wọlé?

Ọmọ Kubwa
Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, Kubwa ni mo sì ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní California sọ pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ psychiatric technician tó sì yege ìdánwò rẹ̀ máa ń gbàwé àṣẹ láti tọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì. Ṣé irú rẹ̀ wà níhìn-ín? Ẹ̀rù ń ba màmá mi pé wọn yóò ṣe mí léṣe.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Àbúrò, Nàìjíríà kò ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tí a ń pè ní health attendant ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí agbára bá ká a, kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà kí o tẹ̀ síwájú nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Má rò pé abẹ́rẹ́ gígún nìkan ni iṣẹ́ wa o. Kí ojú ẹni máa ríran ló ṣe kókó jù. Bí mo bá pín oògùn, n kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn títí yóò fi mumi, tí yóò sì bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí abẹ́ ahọ́n ni àwọn mìíràn ń fi í pamọ́ sí. Bí wọ́n bá gún ẹnì kan ní haloperidol, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn oògùn àrùn ọpọlọ, tí ọrùn rẹ̀ wá ń lọ́, tí ojú rẹ̀ sì yí sókè, àwọn ará ilé rẹ̀ lè máa ké pé ẹ̀mí àìrí ló dé, bẹ́ẹ̀ oògùn náà ló fà á. Ẹni tó bá tètè rí i ni yóò pe dókítà, abẹ́rẹ́ mìíràn sì wà tó ń tú u.

Ẹ̀gbọ́n Gwagwalada
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì wa sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí àbúrò fojú tín-ín-rín iṣẹ́ attendant. Owó rẹ̀ kéré, ó sì ń dùn mí gan-an, nítorí àwọn ló ń wẹ aláìsàn, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí kò lè sọ fún dókítà. Kọ́ Hausa dáadáa: bàbá kan láti Zaria lè dákẹ́ níwájú dókítà tó jẹ́ Yorùbá, kó sì tú gbogbo ọkàn rẹ̀ fún ẹni tó kí i ní "Sannu, Baba."

Ní ti màmá rẹ, sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í lu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí inú ń bí, a kì í dá tọ̀ ọ́ lọ, a kì í dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, ohùn wa kì í sì í le. Ẹgba àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 wà láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn, dípò òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa.

Ọmọ Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Yẹ èsì ìdánwò rẹ wò. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Bí ọ̀kan bá kù, tún un ṣe kí o tó ra fọ́ọ̀mù.