Ilé tó máa gba àwa mẹ́rìnlá ní Orlando tí kò ní kó wa sí gbèsè

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀ o, ẹ má bínú. Màmá wa máa pé àádọ́rin ọdún níparí oṣù kẹjọ, a sì ti fẹnu kò pé kò sí pátì kankan, owó tá a bá fẹ́ kó lé kánópì àti aṣọ ẹbí àtàwọn tó máa wá di oúnjẹ lọ láìmọ orúkọ ọlọ́jọ́ìbí, ká kúkú fi kó ara wa jọ síbì kan. La bá ní káwọn ọmọ-ọmọ mú ibi tó wù wọ́n. Wọ́n ní Disney, èyí tó wà ní Orlando ní Florida. Màmá ní kò burú, òun náà fẹ́ fojú ara òun rí eku tí gbogbo ayé ń sanwó lọ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Manchester pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ àtọmọ mẹ́rin, àbúrò mi obìnrin àtọkọ ẹ̀ àtọmọ méjì ń bọ̀ láti Kánádà, àbígbẹ̀yìn wa tí ò tíì gbéyàwó wà ní Maryland, èmi àtọmọ mi obìnrin la máa mú Màmá dání láti Àkúrẹ́ níbí, físà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì kú. Ọkọ mi lóun ò lọ, òun lòun máa ṣọ́ ajá. Mẹ́rìnlá ni gbogbo wa. Torí wọ́n mọ̀ pé mo lè ná ata rodo lọ́jà Ọba títí oníyẹn á fi ní kí n kúkú máa gbé e lọ, èmi ni wọ́n ní kí n wá ilé.

Ibi tó ti dojú rú rè é. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo kọ́kọ́ wò, èèyàn mẹ́rin péré ni yàrá kan ń gbà, yàrá mẹ́rin la máa gbà nìyẹn, Màmá á wà lókè, àwọn ọmọ á wà nísàlẹ̀, a ó máa fi fóònù kí ara wa ẹ káàárọ̀. Ni mo bá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi odidi ilé gbàlejò. Mo rí ọ̀kan, yàrá mẹ́fà, dọ́là 189 lálẹ́ kan, mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré jáde. Alẹ́ méje jẹ́ 1,323. Mo dé ibi ìsanwó, ó ti di 2,333! Ẹgbẹ̀rún dọ́là kan gorí ẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú, mi ò rírú ẹ̀ rí àfi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Owó tá a dá jọ ò ju 2,000 lọ, orúnkún Màmá ò sì fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Ṣé ká padà sí hòtẹ́ẹ̀lì ni, àbí ó níbi tí mo ti ṣìnà?

Dádì Tólú:
Òkè Ìdànrè ò ju wákàtí kan lọ láti Àkúrẹ́. UNESCO pàápàá ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò látọdún 2007. Ẹ ra àsun dání, ẹ gbé Màmá lọ, ó parí. Dọ́là wo?

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Bọ̀dá mi, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dókè yẹn. Orúnkún ni mo ní ó ń dun Màmá o.

Ìyá Ìbejì Alágbàká:
Yéè, ẹ̀rín pa mí. Dádì Tólú ẹ dákẹ́ ná jàre, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, Màmá á pẹ́ fún yín lágbára Ọlọ́run.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó o. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, Kissimmee lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orlando ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa tún irú ilé yẹn ṣe táwọn àlejò bá ti jáde láàárọ̀ káwọn míì tó wọlé nírọ̀lẹ́. Ilé ni kẹ́ ẹ gbà. Owó alẹ́ kan tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí yẹn, òun nìkan kọ́ lẹ máa san. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti to owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ ka ohun tẹ́ ẹ rí fún mi.

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Ilé 1,323. Owó àwọn tó ń tún un ṣe 285. Kí omi púùlù lè gbóná 245. Àwọn alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì 230. Owó orí ìjọba 250.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹn hẹn. Owó orí, kò sẹ́ni tó lè yọ yín ńbẹ̀. Káǹtì Osceola (bí ìjọba ìbílẹ̀ wa) tí Kissimmee wà, 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ilé àlejò, tẹ́ ẹ bá sún sínú Orlando gan-an tó jẹ́ Orange, 12.5 ni. Owó ìtúnlé náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ẹ sùn lálẹ́ méjì o, ẹ sùn ní méje o, iye kan náà ni, òun ló fi jẹ́ pé ẹni tó sùn pẹ́ ló jèrè. Ṣùgbọ́n púùlù gbígbóná kẹ̀? Lóṣù kẹjọ? Àǹtí, oòrùn ibí á ti sè é kẹ́ ẹ tó jí, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Àwọn tó bá wá nígbà òtútù ló ń san ìyẹn. Ẹ yọ ámì tó wà níbẹ̀ kúrò, 245 ti lọ, owó orí tó gùn ún náà ti lọ.

Ọjọ́ wo gan-an lẹ fẹ́ wá? Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Ọjọ́ 22 sí 29 oṣù kẹjọ. Ṣé kò burú?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹni tó mú ọjọ́ yẹn fún yín gbọ́n, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn ọmọ Florida ti máa ń wọlé síléèwé ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ilé ti ń ṣófo nígbà yẹn, àwọn onílé ti ń wá ẹni tó máa wọ̀ ọ́, tiyín ní Nàìjíríà sì rèé, ọlidé ṣì wà títí wọ oṣù kẹsàn-án, Manchester àti Kánádà náà ò tíì wọlé. Kẹ́ ẹ ṣáà ti kúrò kí ọlidé Labor Day tó dé, Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni, owó máa ń fò sókè lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n torí ìjì líle ni ọ̀wọ́n náà fi rọ̀ o. Oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì ńláńlá níbí, ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń le jù, torí náà ilé tí wọn ò bá ní dá owó padà tí ìrìn àjò bá yẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ̀gbọ́n Arákàlé:
Kí n fi tèmi kún un. Lọ́dún tó kọjá àbúrò ìyàwó mi rí ilé kan ńbẹ̀, púùlù, yàrá méje, dọ́là 90. Onílé bá ní kó má sanwó níbi tó ti rí i, kó fi ránṣẹ́ sóun tààrà káwọn má bàa fún àwọn alágbàtà ní nǹkan kan. Ó ránṣẹ́. Wọ́n débẹ̀ lálẹ́ tàwọn ti báàgì, òyìnbó arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ aṣọ ìsùn, ilé ẹ̀ ni, kò fi gbàlejò rí láyé ẹ̀. Ẹni tó gbowó ti pa fóònù. Lẹ́yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fọ́tò ilé yẹn sórí Google, la bá rí i pé ilé tí wọ́n fẹ́ tà nílùú míì ni fọ́tò ọ̀hún. Owó alágbàtà 230 yẹn ń dunni lóòótọ́, àmọ́ ẹ san án.

Sísí Òkè-Àró:
Èmi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ bú hòtẹ́ẹ̀lì tán o. Tó bá jẹ́ ti Disney fúnra wọn lẹ dé sí, wọn ò ní gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́wọ́ yín ní páàkì, ẹni tó bá wá láti ìta kò sì ní san dín ní 30 dọ́là lójúmọ́, ẹ tún máa ṣáájú àwọn yòókù wọlé pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà náà wà ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn All-Star Music àti Art of Animation, ó ní ilé ìwẹ̀ méjì. Wọ́n tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń pàgọ́ tó ń jẹ́ Fort Wilderness, èèyàn mẹ́wàá ń gba ojú kan.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, Sísí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ gbé Màmá ẹni àádọ́rin ọdún sínú àgọ́ lóṣù kẹjọ ní Florida, ọjọ́ìbí kọ́ nìyẹn. Yàrá lásán ńkọ́? Ká ní 150 dọ́là ni lálẹ́ kan, yàrá mẹ́rin fún alẹ́ méje ti di 4,200, owó orí ò tíì wọ̀ ọ́. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún, hòtẹ́ẹ̀lì dáa fún wọn. Mẹ́rìnlá, rárá.

Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan pọ̀ níbí, torí náà ẹ má tíì wo púùlù, ẹ kọ́kọ́ wá yàrá ìsàlẹ̀, kí ilé ìwẹ̀ wà nínú ẹ̀, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń rìn wọ̀ tààrà, kì í ṣe báàfù tí Màmá á kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ kọjá létí ẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ onílé, ẹ má gba fọ́tò gbọ́. Lóṣù tó kọjá mo tún ilé kan ṣe, wọ́n kọ ọ́ síta pé èèyàn 14 ló ń gbà, mo ka bẹ́ẹ̀dì, ti ẹni mẹ́wàá ni mo rí, ibùsùn ẹni mẹ́rin tó kù, àga pálọ̀ tí wọ́n ń fà gùn ni, irin àárín ẹ̀ ti yọ bí egungun ìhà ajá aláìsàn. Ilé ìwẹ̀ méjì. Ní agogo méje àárọ̀ tí gbogbo yín fẹ́ jáde, ìjà máa ṣẹlẹ̀. Ilé ìwẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán.

Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé "Disney ò jìnnà", ẹ fi àdírẹ́sì àdúgbò náà wo Google Maps. Àwọn ilé tó wà nítòsí títì 192 ní Kissimmee ló sún mọ́ ọn jù, ìlú Davenport dínwó, àmọ́ ẹ máa lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́kọ̀, ẹ sì máa fẹ́ padà wálé lọ́sàn-án torí oòrùn àti òjò tó máa ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò ní fẹ́ kí ibẹ̀ jìnnà. Kí fẹ́ǹsì kékeré yí púùlù ká torí àwọn ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá rí adágún omi lẹ́yìnkùlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn, ọ̀nì ló ń gbé ibẹ̀, mi ò ṣàwàdà.

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Ọ̀nì! Mi ò ní sọ èyí fún Màmá.

Ìyá Ìbejì Alágbàká:
Ẹ má gbàgbé kíṣìnì o, òun gan-an lèrè ilé. Disney ń jẹ́ kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé, kó ṣáà ti má jẹ́ ọtí, kó má sì wà nínú ìgò. Èmi àtàwọn ọmọ mi lọ lẹ́ẹ̀kan, jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà la jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń wò wá, ọ̀kan tiẹ̀ béèrè ibi tá a ti rà á. Ẹ má di ẹran gbígbẹ láti ilé o, wọ́n máa gbà á ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san tíkẹ́ẹ̀tì, látọdún mẹ́wàá sókè àgbàlagbà ni wọ́n kà á sí.

Bàbá Ìyànú:
Ẹ ò tíì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín owó ilé. Ibẹ̀ ni fàmílì tiwa ti dàrú. A ní ká pín in lórí-lórí, ẹni tó bí mẹ́rin ní wọ́n ń jẹ òun níyà torí ó bímọ, ẹni tó dá wà ní wọ́n fẹ́ fi òun pa kún ẹni tó bí mẹ́rin. Oṣù márùn-ún ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ pín in sórí yàrá. Ẹni tó gba méjì san méjì, ti Màmá kí gbogbo yín jọ san án. Kẹ́ ẹ sì mú yàrá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí ìyàwó ẹnikẹ́ni má débẹ̀ lọ sáré gbé báàgì sínú èyí tó tóbi jù.

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Bàbá Ìyànú, ṣé ẹ mọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni?

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo yọ púùlù gbígbóná kúrò, ó di 2,055. Mo wá kọ̀wé sí onílé pé arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún là ń gbé bọ̀, alẹ́ méje gbáko la máa sùn, ọ̀sẹ̀ yẹn ṣì ṣófo lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló lè ṣe fún wa. Ó yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó ilé. Gbogbo ẹ̀ já sí nǹkan bí 1,905! Yàrá Màmá wà nísàlẹ̀, ó ní wọ́n ń rìn wọ ilé ìwẹ̀ ẹ̀ tààrà, ó ya fọ́tò ẹ̀ sí mi lójú ẹsẹ̀, mo tiẹ̀ rí bàtà ẹ̀ nínú fọ́tò. Ilé ìwẹ̀ mẹ́rin àtààbọ̀, ààbọ̀ yẹn ni ilé ìtura tí kò ní ibi ìwẹ̀. Owó á padà tá a bá fagi lé e ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Màmá lèmi máa bá sùn, a ti pín yàrá tó kù sórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n mi gba méjì, ó san méjì, kò ráhùn. Ọmọ Ẹkìmọ̀gún, Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà.

Màmá ní kí n béèrè nǹkan kan: ṣé wọ́n máa jẹ́ kóun gún iyán nínú ilé yẹn?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Àmín o, Àǹtí. Ẹ bá mi kí Màmá. Kí wọ́n gún un kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́ o, lẹ́yìn ìyẹn àwọn aládùúgbò lè pe sékúríítì. Kí wọ́n sì tẹ́ tówẹ̀lì sábẹ́ odó, táìsì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n yọ owó táìsì lára owó yín. Ṣùgbọ́n níbo ni Màmá fẹ́ ti rí odó?

Àdùkẹ́ Ọ̀bá-Ilé:
Odó kékeré kan ti wà nínú báàgì wọn láti ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ní ó kéré, kò lè ju kílò mẹ́ta lọ.