Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì, báwo ni ẹ ṣe ń kọ́ kíláàsì ńlá ní títíréṣọ̀n (fífi ásíìdì kán sínú álíkálì díẹ̀díẹ̀ láti mọ ìwọ̀n tó máa pa á)?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ 54 ló wà ní SS2, bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì onínọ́ńbà tí a fi ń kán ásíìdì) 6 péré la ní, ìṣẹ́jú 80 sì ni àkókò wa. HCl (ásíìdì) ló máa wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì, 25 cm³ NaOH (álíkálì) nínú fláàsìkì, pẹ̀lú ẹ̀kán méjì methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá tó.

NaOH gíráàmù 4 nínú líta kan ló ń di 0.1 mol/dm³ (ìwọ̀n bí NaOH ṣe pọ̀ tó nínú omi náà), àmọ́ ó máa ń fa omi àti káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà kò yẹ ká pò ó sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ ń fi NaOH ṣan fláàsìkì, ásíìdì tí wọ́n lò á wá pọ̀ jù. Omi lásán ló yẹ!

Tá a bá pín wọn sí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ á kàn máa wòran ni. Mo fẹ́ kí ìdajì máa ṣe ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí ìdajì yòókù bá wà nídìí bùrẹ́ẹ̀tì. Ṣé ìṣẹ́jú 40 tó fún ìdánwò àkọ́kọ́ àti kíkà méjì tí kò fi ju 0.20 cm³ lọ síra wọn? Ṣé síríńjì lè dípò bùrẹ́ẹ̀tì fún ìfidánrawò?