Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò lè gbá bọ́ọ̀lù sepak takraw lẹ́ẹ̀mẹta kó má bọ́ sílẹ̀

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ eré ìdárayá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní gúúsù Kwara ni mo ti ń kọ́ni ní sepak takraw, eré tí a ti ń fi ẹsẹ̀ àti orí gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù 2 péré ni wọ́n fún wa fún akẹ́kọ̀ọ́ 39, orí ilẹ̀ yangí tí a fi eérú fa ìlà sí ni a sì ti ń gbá a. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé, kò sí ẹni tó lè fi inú ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ wọn a gan bí igi, wọn a sì gbójú kúrò. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ti ń sọ ọ́ kiri pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́. Kí ni kí n ṣe?

Tísà Àgbà, Ìlọrin: Àbúrò mi, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ orúnkún ẹsẹ̀ tó fi dúró díẹ̀, kí ó ká ẹsẹ̀ kejì sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ẹsẹ̀ jókòó sórí ẹní, kí orúnkún ṣí síta, kí inú ẹsẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìjókòó àká-ẹsẹ̀ yẹn, bersila, ni àwọn elédè Malay fi sọ gbígbá náà ní sepak sila.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: Inú àpò àlùbọ́sà ni èmi máa ń fi bọ́ọ̀lù sí, tí mo ń so ó rọ̀ sórí ẹ̀ka máńgòrò títí yóò fi kan ibi orúnkún. Ọmọ kan tó ti fẹ́ sá fún mi pátápátá, abẹ́ igi yẹn ló ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, bọ́ọ̀lù tí a so rọ̀ kò kọ́ ọmọ ní ìgbà tó yẹ kó gbẹ́sẹ̀. Kí ẹnì kejì rọra jù ú sí i, kí ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, kí ó fọwọ́ mú un. Kí nẹ́ẹ̀tì sì kúrò níbẹ̀ ná.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò tíì dé ibi ìgbà tó yẹ kó gbẹ́sẹ̀.

Olùbéèrè: Mi ò lè yọ nẹ́ẹ̀tì, nítorí ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀rù, ọ̀lẹ ni. Àwọn obìnrin ń ráhùn pé kókósẹ̀ ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ bọ́ọ̀lù.

Tísà Àgbà, Ìlọrin: O ní wọ́n bọ́ bàtà? Ike líle ni bọ́ọ̀lù yìí! Ti ọkùnrin wọn gíráàmù 170 sí 180, ti obìnrin 150 sí 160. Èwo lẹ ní?

Olùbéèrè: Ti ọkùnrin ni méjèèjì. Kókósẹ̀ ọmọ 2 ti wú láti ọjọ́ Ajé.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Tísà Àgbà, Ìlọrin: Jẹ́ kí àwọn méjì yẹn sinmi títí wíwú náà yóò fi lọ, kí o sì bẹ̀ wọ́n. Kí àwọn yòókù wọ bàtà kánfáàsì àti ìbọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀lù inú àpò àlùbọ́sà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.