Iná iwájú mọ́tò wa ti funfun bí ẹ̀kọ, ẹ gbà mí o

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa iná mọ́tò, kó jọ̀wọ́ dá mi lóhùn, inú mi ò dùn rárá. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni iná iwájú mọ́tò wa ti ń pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àbúrò ìyàwó mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó kan n'Íjẹ̀bú-Òde. Ọ̀fẹ́ ni mo gbé wọn o, mi ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tá à ń bọ̀, a ò tíì kọjá Ọ̀dọ̀gbolú tí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ yìí ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àtùpà lẹ gbé síwájú mọ́tò yìí ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo san owó ìwé ẹ̀rí rẹ̀! Mo délé, mi ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi pésìtì fọ̀ ọ́. Ó mọ́ díẹ̀, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó tún padà síbi tó wà. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò ní oríta wa ní kí n mú ₦12,000 wá. Kó fi ṣe kí ni? Mo mú sáńpépà tó wà nílé, mo ha á fúnra mi. Ẹ wá wo ohun tó dà, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó funfun kuu. Mo fẹ́ kó mọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ẹ má sọ pé kí n lọ bá mẹkáníìkì o, mi ò fẹ́ mẹkáníìkì. Kí ni mo lè fi ṣe é nílé?

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú wàhálà, Bàbá Táyé. Irú mọ́tò wo ni? Nọ́ńbà mélòó ni sáńpépà tẹ́ ẹ lò? Ṣé ẹ fi omi sí i àbí gbígbẹ lẹ fi ha á? Ẹ tún bu omi sójú iná yẹn báyìí kẹ́ ẹ wò ó: ṣé ó ń mọ́ tó bá tutù, àbí bó ṣe wà náà ló wà? Ẹ dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká tó máa sọ̀rọ̀ lọ.

Ìyá Ọlọ́jà, Ìkéǹnẹ́
₦12,000 lẹ sá fún, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin! Bọ̀ọ̀dá mi kan ṣe irú rẹ̀, ó ní òun á tún jẹnẹrétọ̀ ṣe fúnra òun. Títí di òní, abẹ́ àtẹ̀gùn ni jẹnẹrétọ̀ yẹn wà, adìẹ ń yé sínú rẹ̀.

Dérẹ́bà Èpẹ́ Róòdù
Pésìtì ló dáa jù, ẹ ò fi pẹ́ tó ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ fún wákàtí kan. Èmi fi ń fọ tèmi lóṣooṣù.

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Lóṣooṣù! Ìyẹn náà ti dáhùn ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun líle tó wà nínú pésìtì ló ń ha á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò fi nǹkan kan bò ó lẹ́yìn.

Dérẹ́bà Èpẹ́ Róòdù
Ọ̀gá Pẹ́ńtà, ẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn ni. Kí ló kan pésìtì?

Ọmọ Ìjẹ̀búgbó
Oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi para ni kẹ́ ẹ fún sí i o! Mo rí i nínú fídíò. Ó mọ́ lójú ẹsẹ̀.

Tísà Àgọ́-Ìwòyè
Èyí tó ní DEET nínú, kẹ́míkà tó ń lé ẹ̀fọn, lẹ̀ ń wí. Ó ń mọ́ nítorí pé ó ń yọ́ ojú rọ́bà náà ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá sì kán sára ọ̀dà mọ́tò, ẹ kú àmúmọ́ra.

Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ̀ ni. Láyé Pijó 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, gíláàsì gidi ni ojú iná. Bàbá mi lò ó títí ó fi jẹrà, ara mọ́tò ń jẹ, ojú iná ń dán. Gíláàsì kì í pọ́n, àfi kó fọ́. Rọ́bà ni wọ́n ń fi ṣe tòde òní kó lè fúyẹ́, kí wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ sí ìrísí tó bá wù wọ́n.

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn dáadáa. Corolla ni. Sáńpépà tí káfíńtà fi sílẹ̀ nígbà tó ṣe ilẹ̀kùn wa ni. Màmá Ìkéǹnẹ́, kì í ṣe pé mi ò ní ₦12,000 o. Ẹni tó mọ̀ mí ní Màkún mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ìlànà ni.

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Ti káfíńtà! Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n kọ nọ́ńbà síbẹ̀.

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
120.

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Yéè! Igi ni wọ́n ń fi 120 ha, bàbá mi! Gbígbẹ ńkọ́?

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Ta ló máa da omi sí sáńpépà? Ṣebí ó máa já ni.

Ìyá Ọlọ́jà, Ìkéǹnẹ́
🤦🏾‍♀️

Bùọ̀dá Kọ́lá Ìlíṣàn
Ẹ ra tuntun, kí gbogbo wa sinmi.

Dérẹ́bà Èpẹ́ Róòdù
Ọ̀rọ̀ iná yìí, ẹ má fi ṣeré o. Lọ́dún tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kí n dé Ògèrè. Tírélà kan dúró sẹ́bàá ọ̀nà, kò ní iná lẹ́yìn, kò fi ewé lélẹ̀, ìdí rẹ̀ wà nínú ọ̀nà. Iná tèmi mọ́lẹ̀, síbẹ̀ ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí n tó rí i. Ọmọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ká ní iná bíi ti Bàbá Táyé yẹn ni, ẹ ò bá ti gbàgbé mi.

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Òótọ́ ọ̀rọ̀ lèyí, mo dárí ti pésìtì jì yín.

Bàbá Táyé, ẹ gbọ́ bá a ṣe ń ṣe é, ẹ má fo ìkankan. Ilé iṣẹ́ tó ṣe iná yẹn ti fi nǹkan kan bò ó lójú kí oòrùn má bàa jẹ rọ́bà náà. Nǹkan yẹn ló ń bó tó bá ti lo ọdún mélòó kan, òun ló ń pọ́n. Ẹ máa ha ìyókù rẹ̀ kúrò tán, ẹ ó sì tún fi òmíràn bò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ra pépà olómi, dúdú tí àwa pẹ́ńtà ń lò: 400, 800, 1000, 1500, 2000. Tí kì í bá ṣe ti 120 yẹn, 800 lẹ ò bá fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ tẹ́ ẹ dá sí i ti jìn. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ẹ lẹ téépù bébà yí iná ká ní ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ má bàa ha ọ̀dà. Tẹ́ ẹ bá fi 400 lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi 800 lọ sókè sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi 1000 lọ sọ́tùn-ún sósì. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa rí ilà tí èyí tẹ́ ẹ lò ṣáájú fi sílẹ̀. Tí ilà yẹn ò bá tíì tán, ẹ má bọ́ sí èyí tó kàn! Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń kánjú. Omi tó ń ṣàn á kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà á funfun bí omi ògì. Tẹ́ ẹ bá parí 2000, ẹ nù ún gbẹ. Á ṣú fẹ́lẹ́, bíi dígí tí èèyàn hà sí, ṣùgbọ́n ẹyọ ilà kan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ wá fín kílíà mọ́tò, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, èyí tó ní háádínà tó ń mú un le, fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 10 wà láàárín. Ẹ bo imú yín o, háádínà kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má sì fín in nínú yàrá. Ẹni tó bá máa fín kílíà kò nílò kọ́ńpáùn, ìpara tá a fi ń dán ojú ọ̀dà; kílíà kì í dúró lójú tó bá ti dán jù. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́ńpáùn dán an, tẹ́ ẹ ò fi nǹkan kan bò ó, oòrùn Ṣàgámù á tún pọ́n ọn láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí pẹtiróòlù tàbí tíńà kan rọ́bà yẹn. Á là wẹ́wẹ́ nínú bí ilẹ̀ ọ̀dá, kò sì sí àtúnṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀búgbó
Bíréèkì ọ́ọ̀lì ńkọ́?

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Bíréèkì ọ́ọ̀lì ni a fi ń bó ọ̀dà ara mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ fún un sí tiyín.

Rẹwáyà Ìpẹru
Ọ̀gá Pẹ́ńtà ti sọ tirẹ̀. Èmi ṣì ń retí ìdáhùn ìbéèrè omi yẹn. Bàbá Táyé, ẹ bu omi sí i bí?

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Mo ti bu omi sí i. Ti òsì mọ́ kedere nígbà tó tutù, ó tún funfun nígbà tó gbẹ. Ti ọ̀tún kò mọ́. Ó dà bí ẹni pé èéfín wà nínú rẹ̀. Bóyá mi ò ha ti ọ̀tún tó ni.

Rẹwáyà Ìpẹru
Háà. Ẹ má ha ti ọ̀tún mọ́. Ojú ìta ló ń ṣe ti òsì, omi dí ojú ilà tẹ́ ẹ ha sí i, ìdí nìyẹn tó fi mọ́. Kílíà á ṣe irú rẹ̀ fún un. Ti ọ̀tún, inú ló wà. Kò sí sáńpépà tó lè dé inú. Ṣé omi ń wọ inú rẹ̀ tí òjò bá rọ̀? Gílóòbù wo ló wà níbẹ̀? Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò rẹ̀, ṣé fàdákà inú rẹ̀ tó ń ju ìmọ́lẹ̀ síwájú ṣì ń dán?

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Òjò kì í wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará, níbo ni mo ti lè rí pépà 2000 ní Ṣàgámù? Èyí tí mo rí ní Sábó kò kọjá 1000.

Rẹwáyà Ìpẹru
Gílóòbù ni mo bèèrè o, bàbá.

Bùọ̀dá Kọ́lá Ìlíṣàn
Wọ́n ti fò ó kọjá 😂

Màmá Táyé
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Èmi ni ìyàwó. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà láti ọjọ́ Tọ́sìdeè, mo ń ra obì. Kẹ́hìndé ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí lórí fóònù.

Mọ́tò "wa" tí wọ́n ń wí yìí, owó obì àti èésú ọdún méjì ni mo fi rà á. Mi ò sọ ọ́ láti fi tàbùkù wọn, wọ́n ń gbé mi lọ ọjà, wọ́n ń gbé mi bọ̀, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá wọn dáhùn rẹwáyà. Lásìkò Kérésì ni gílóòbù ọ̀tún jó. Wọ́n ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ̀wé. Ó mọ́lẹ̀ bí iná pápá bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán á máa bú wa. Mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń sun táyà nítòsí. Oṣù méjì la fi ń gbọ́ òórùn táyà yẹn, láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mẹkáníìkì tí wọn ò fẹ́ lọ bá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ ti mọ ìdí báyìí.

Ìyá Ọlọ́jà, Ìkéǹnẹ́
Ìlànà! 😂😂 Màmá Táyé, ẹ máa bọ̀ o.

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Màmá Táyé, ṣé kò yẹ ká sọ eléyìí nílé?

Màmá Táyé
Ta ló kọ́kọ́ gbé e wá síta?

Rẹwáyà Ìpẹru
Wáàtì mélòó ni wọ́n kọ sára gílóòbù náà, bàbá? Kò sí ìbínú.

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
100.

Rẹwáyà Ìpẹru
Ó tán. 55 ni wọ́n ṣe iná yẹn fún. 100 ti sun fàdákà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ rọ́bà láti inú. Ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti wáyà tó so mọ́ ọn, tí rọ́bà ara wáyà bá ti rọ̀ tàbí tó dúdú, ẹ má tan iná yẹn rárá. Ibẹ̀ ni iná ti ń ṣẹ́, iná gidi tó ń jó mọ́tò. Ẹ wá tòkúnbọ̀ ọ̀tún rà. Tí kò bá sí ní Ṣàgámù, ó wà ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yọ ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo fàdákà inú. Ojú ìta tó bá pọ́n kò burú, Ọ̀gá Pẹ́ńtà ti kọ́ yín ní tìyẹn.

Dérẹ́bà Èpẹ́ Róòdù
Ẹ ṣá ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú kan má mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ.

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Ti òsì kò ṣe nǹkan kan. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bá èèyàn náwó?

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
(ọjọ́ Àìkú) Ẹ kú ọ̀sẹ̀ o. Mo yọ gílóòbù yẹn. Inú iná ọ̀tún dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ mọ́ ọn, mo fi ṣúkúdíráfà gbò ó kó tó jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá Táyé ti pààrọ̀ wáyà, ó sì bá wa rí tòkúnbọ̀ kan. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ń wo ilẹ̀ ni.

Ti òsì, mo ha á láti aago méje di aago mọ́kànlá. Awọ orí ìka mi ti tán. Nígbà tí mo fi 1000 lọ sọ́tùn-ún sósì ni mo rí ilà 120 kan tó dúró gbọnyin láàárín, ni mo bá tún padà sí 400. Ó ti mọ́ báyìí, ẹ wo fọ́tò. Mo fi kọ́ńpáùn dán an, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Àdìsá Pẹ́ńtà, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ káre! Ó mọ́ lóòótọ́. Irú kílíà wo lẹ fín sí i?

Bàbá Táyé, Ṣàgámù
Kílíà wo?